Bí A Ṣe Ń Yan Action fún Ìbọn Àkànṣe Nígbà Tí Ọkàn Ti Fà sí Orúkọ Kan

Bàbá mi kò mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìbọn kankan. Alágbẹ̀dẹ kan ní abúlé tó tẹ̀lé tiwa ní Òkè-Ògùn ló rọ ṣakabùlà tó fi ń ṣọdẹ, bí nǹkan kan bá sì ṣe ìbọn náà, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ yẹn ló ń gbé e padà lọ. Ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ àwọn ìyàwó rẹ̀, ó mọ ọmọ tó ń fín ẹwìrì fún un. Nígbà tí èmi dé Texas tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará ibẹ̀ wọgbó àgbọ̀nrín, mo rí i pé àwọn náà fẹ́ràn ìbọn wọn bí bàbá mi ṣe fẹ́ràn tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ti Remington kò fẹ́ gbọ́ ti Winchester. Ẹni tó bá jẹ́ ti Winchester á ní bàbá òun àti bàbá bàbá òun kò lo nǹkan míì. Ohun kan ló yàtọ̀: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ alágbẹ̀dẹ.

Ìbọn àkànṣe àkọ́kọ́ tí mo tò, orúkọ ni mo lọ rà. Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́kọ́ mú mi wọgbó níbẹ̀ ní orúkọ kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, èmi náà sì di ọmọ ẹ̀yìn. Mo rí action àtijọ́ kan (receiver, irin àárín ìbọn, pẹ̀lú bolt, irin tó ń wọlé jáde nínú rẹ̀) tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, mo rà á ní owó pọ́ọ́kú, mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn kó bá mi yí barrel tuntun, ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní kí n máa bọ̀ wá wo nǹkan. Ó fi íǹkì dúdú kun ẹ̀yìn etí irin méjèèjì tí bolt fi ń di ara rẹ̀ mú, ó ti bolt wọlé, ó yí i pa, ó tún ṣí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ó wá fà á yọ sábẹ́ iná. Etí kan ń dán, íǹkì rẹ̀ ti pa rẹ́. Íǹkì ara èkejì wà níbẹ̀ digbí bó ṣe kùn ún. Ó ní, “Etí kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú èyí.” Etí kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo agbára ètù tó ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi.

Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fá iwájú receiver kó lè tẹ́jú, wọ́n tún tírẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ gé, wọ́n lọ etí méjèèjì títí tí wọ́n fi fara ti irin dọ́gba, wọ́n fá ojú bolt. Owó tí mo san fún iṣẹ́ yẹn, tí a bá ro ó pọ̀ mọ́ owó tí mo fi ra action náà, ì bá ra tuntun tí kò nílò àtúnṣe kankan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi àwọn ìgbésẹ̀ yìí yan action fún ara mi àti fún àwọn tó bá bi mí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ tó fẹ́ràn sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn gan-an nínú rẹ̀.

Ohun tí à ń pè ní action

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Receiver ni irin àárín ìbọn: wọ́n ń yí barrel mọ́ ọn níwájú, trigger tí ìka ń fà so mọ́ ọn lábẹ́, awò tí a fi ń wo ọ̀kánkán jókòó sórí rẹ̀, igi ìbọn gbé e mọ́ra. Bolt ni irin gbọọrọ tó ń wọlé jáde nínú receiver, tó ń ti kátíríìjì (kóro tó kó ọta àti ètù pọ̀) síwájú, tó ń tì í pa sínú barrel, tó sì ń fa kóro òfìfo rẹ̀ jáde lẹ́yìn ìyìnbọn. Receiver pẹ̀lú bolt, òun ni action.

Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ ronú lé e lórí ju ohun yòókù lọ ni pé òun ló máa pẹ́ jù. Barrel máa ń jẹ. Ẹni tó ń yìnbọn gan-an pẹ̀lú kátíríìjì tó ń jẹ́ 6.5 Creedmoor lè rí i pé lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún méjì sí mẹ́ta ọta, ìbọn náà kò bá ojú ibi tó ń bá tẹ́lẹ̀ mọ́. Á yọ barrel, á fi tuntun sí i. Igi ìbọn náà ṣeé pààrọ̀, trigger ṣeé pààrọ̀. Action yẹn náà ni yóò wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ ìbọn náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan

“Mo fẹ́ fi pa àgbọ̀nrín láti orí àba ní ibi tí kò ju ọgọ́rùn-ún méjì yáàdì lọ.” Tàbí, “Mo fẹ́ gbé e gun òkè Colorado lọ wá elk, àgbọ̀nrín ńlá ibẹ̀.” Tàbí, “Mo fẹ́ máa yìnbọn sí irin ní ẹgbẹ̀rún yáàdì.” Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ní tòótọ́. Ẹni tó ń gun òkè yóò wá action tó fúyẹ́. Ẹni tó ń yin irin kò bìkítà bó bá wúwo, ohun tó fẹ́ ni kí bolt máa sáré bí omi. Bí gbólóhùn kan kò bá tó yín, ìbọn méjì lẹ fẹ́, ẹ má fi ọ̀kan ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan kátíríìjì kẹ́ ẹ tó yan action

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ra action torí orúkọ, wọ́n wá ń wá kátíríìjì tó máa wọ̀ ọ́. Nǹkan méjì lára kátíríìjì ló ń pàṣẹ fún action: gígùn rẹ̀ àti ìdí rẹ̀.

Gígùn kọ́kọ́. .308 Winchester, tí wọ́n gbé jáde ní 1952, kò gbọdọ̀ gùn ju íńṣì 2.810 lọ. 6.5 Creedmoor, ti 2007, jẹ́ 2.825. Àwọn wọ̀nyí wọ inú action kúkúrú. .30-06, tó ti wà láti 1906, àti .270 Winchester, ti 1925, jẹ́ 3.340, àwọn sì nílò action gígùn. .375 H&H tí àwọn ọdẹ erin àti ẹfọ̀n mọ̀ dáadáa jẹ́ 3.600, ìyẹn ń béèrè èyí tó tún gùn ju gígùn lọ. Ẹ lè fi kátíríìjì kúkúrú sínú action gígùn, àmọ́ irin tẹ́ ẹ kò lò lẹ̀ ń gbé kiri, ọwọ́ yín á sì máa fa bolt rìn jìnnà ju bó ti yẹ. Tikka, tí Sako ń ṣe ní Riihimäki ní Finland, gígùn receiver kan ṣoṣo ló ń lò fún gbogbo kátíríìjì T3 rẹ̀. Àwọn kan kórìíra èyí, àmọ́ mo ti yìnbọn pẹ̀lú rẹ̀ púpọ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́.

Ìdí kátíríìjì wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú bolt. Ojú bolt ní ihò pẹlẹbẹ kan tí ìdí kátíríìjì ń jókòó sí. .223 nílò nǹkan bí íńṣì .378. Ẹbí .308 àti .30-06, pẹ̀lú .243, .270 àti 6.5 Creedmoor, ń lo .473. Àwọn magnum, ìyẹn kátíríìjì alágbára, bíi 7mm Remington Magnum àti .300 Winchester Magnum ń lo .532. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún yín: ẹni tó ra action kúkúrú tí ojú bolt rẹ̀ jẹ́ .473 lè fi .308 bẹ̀rẹ̀, kó sọ ọ́ di 6.5 Creedmoor lọ́la, kó tún sọ ọ́ di .243 fún ọmọ rẹ̀ lọ́tùn-únla. Barrel nìkan ló máa pààrọ̀. Ẹni tó ra .532 torí pé òun ló wà lórí àtẹ lọ́jọ́ náà, tó wá fẹ́ .308, yóò ra bolt míì tàbí orí bolt míì.

Ẹ má sì wọn receiver nìkan, ẹ tún wọn inú mágásíìnì, àpótí tó ń kó kátíríìjì. Ẹni tó fẹ́ràn ọta gígùn tó wúwo, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kátíríìjì, lè rí i pé action gba kátíríìjì náà ṣùgbọ́n mágásíìnì kọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn wò

Àwa Yorùbá náà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ló ń tọ́jú rẹ̀, bí ẹni náà bá sì kú, tí ẹlòmíì ra orúkọ náà, kí la fẹ́ pè é?

Ẹ wo Winchester Model 70. Ó jáde ní 1936, wọ́n gbé e ka orí ọ̀nà tí Paul Mauser là sílẹ̀ ní Jámánì, tí ìbọn rẹ̀ di ti àwọn ọmọ ogun Jámánì ní 1898. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fẹ́ ẹ bí ojú. Òun ni Carlos Hathcock, ọmọ ogun Marine tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìyìnbọn, lò ní Vietnam. Nígbà tó di 1964, iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wọ́n jù, ilé-iṣẹ́ náà yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà: wọ́n yọ irin gígùn tó ń fi èékánná di kátíríìjì mú, wọ́n fi kékeré rọ́pò rẹ̀, wọ́n tẹ àwòrán sára igi dípò kí wọ́n fín in. Orúkọ kò yí padà, ìbọn ló yí. Àwọn ènìyàn bínú tó bẹ́ẹ̀ tí “pre-64” fi di ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣòwò ìbọn mọ̀ títí dòní, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún náà, wọ́n sì ń ta á lówó gọbọi. Nígbà tó di àárín 1990 sí 2000, wọ́n dá èékánná náà padà. Ní 2006 ilé-iṣẹ́ New Haven ní Connecticut kógbá sílé. Ní 2008 ìbọn náà tún jáde láti Columbia ní South Carolina, ní ilé-iṣẹ́ FN, ọmọ Belgium. Ẹni tó bá sọ fún mi pé “Winchester ni èmi,” ìbéèrè mi ni pé: Winchester ti ọdún wo?

Remington náà bẹ́ẹ̀. Model 700 jáde ní 1962, láti Ilion ní ìpínlẹ̀ New York, ìlú tí ilé-iṣẹ́ náà ti wà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìbọn tó lókìkí jù lọ nínú irú rẹ̀ ni, ó sì tọ́ sí òkìkí náà. Ṣùgbọ́n ní 2014 ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ké sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n dá Model 700 àti Model Seven tó ní trigger X-Mark Pro padà, èyí tí wọ́n ṣe láti May 2006 títí di April 2014, nítorí pé ìbọn náà lè yìn láìfà á. Ní 2018 wọ́n wọ gbèsè lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n tún lọ ní 2020, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n pín ilé-iṣẹ́ náà tà, ìbọn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ọta lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ní 2024 wọ́n ti ilẹ̀kùn Ilion, iṣẹ́ kó lọ sí Georgia. Àwọn tó ń fá irin náà fún ọgbọ̀n ọdún kò bá a kó lọ.

Mi ò sọ èyí láti bu orúkọ kankan kù. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè béèrè ọdún. Bí ẹ bá ń ra action àtijọ́, ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wá ọdún tí wọ́n ṣe é, kẹ́ ẹ wá mọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn àti ohun tó yí padà nínú ìbọn náà. Bí ó bá jẹ́ Mauser àtijọ́ ti àwọn ọmọ ogun lẹ fẹ́, ẹ tún ṣọ́ra sí i: irin inú rẹ̀ rọ̀, awọ òde rẹ̀ ni wọ́n fi iná sọ di líle. Alágbẹ̀dẹ tó bá lọ etí bolt rẹ̀ jù ti bó awọ náà, ibi tí etí ń fara tì nínú receiver á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀, àyè ẹ̀yìn kátíríìjì á sì máa fẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ohun tó lè bá a lọ

Ìfẹ́ orúkọ kò ṣòfò pátápátá, ìgbésẹ̀ yìí ló sì fi hàn. Nítorí pé àìmọye ènìyàn fẹ́ràn Remington 700, tí Marine sọ ọ́ di M40 ní 1966, tí Army sọ ọ́ di M24 ní 1988, gbogbo ẹni tó ń ṣe ohun èlò ìbọn ló ń ṣe ti ìwọ̀n rẹ̀. Trigger láti ọwọ́ Timney, Jewell tàbí TriggerTech, igi ìbọn láti ọwọ́ McMillan tàbí Manners, férémù irin láti ọwọ́ MDT, gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe fún ìbọn yìí kí wọ́n tó ronú kan òmíràn. Ìwọ̀n náà ti wá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń fi ẹ̀rọ òde òní gé action lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi Defiance Machine ní Montana, BAT Machine ní Idaho, Zermatt Arms ní Nebraska, Stiller ní Texas níhìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú action wọn ló wọ igi 700, tó ń gba trigger 700. Ẹ lè di ìwọ̀n náà mú ṣinṣin kẹ́ ẹ má sì ra orúkọ náà rárá. Èmi fúnra mi, ibẹ̀ ni mo fìdí kalẹ̀ sí.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo mú ìwé, mo kọ ohun márùn-ún sílẹ̀: barrel, trigger, igi ìbọn, mágásíìnì, ibi ìjókòó awò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan mo kọ orúkọ ẹni méjì ó kéré tán tó ń tà á fún action tí mo ń rò, tí ó wà lórí àtẹ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ní ká dúró oṣù mẹ́fà fún. Action tí kò lè kún ìlà márààrún, bó ti wù kó rẹwà tó, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní sùúrù jù mí lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà “ó wọ igi 700.” Skúrù lè bára mu kí ibi ọwọ́ bolt má bára mu, tàbí kí irin tó ń gba ìtasẹ́yìn ìbọn nípọn ju àyè tí wọ́n gbẹ́ fún un. Kẹ́ ẹ tó sanwó igi, ẹ pe ẹni tó ṣe igi náà, ẹ dárúkọ action náà fún un.

Ọ̀rọ̀ barrel yẹ fún ìdúró díẹ̀. Nínú Savage 110, tó ti wà láti 1958, nọ́ọ̀tì kan ló ń de barrel mọ́ receiver. Ènìyàn lè tú u nílé, kó yí barrel tuntun wọlé títí tí bolt á fi pa lórí irin ìdíwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Go, kó má sì pa lórí No-Go, kó wá fún nọ́ọ̀tì náà pọ̀. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ Savage láìwo pé kò ní òkìkí ti àwọn yòókù. Nínú 700 ti ilé-iṣẹ́, èjìká barrel ló ń fara ti receiver, irin ìtasẹ́yìn wà láàárín wọn bí wásà, alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ gé barrel kọ̀ọ̀kan fún action kọ̀ọ̀kan. Àwọn action tuntun tí mo dárúkọ lókè, ìwọ̀n wọn dọ́gba débi pé púpọ̀ nínú wọn lè gba barrel tí wọ́n ti gé tán láìrí action náà. Síbẹ̀, Go àti No-Go kò ṣeé fò. Bí bolt bá pa lórí No-Go, ẹ má yin ìbọn náà. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí kátíríìjì ṣe ń wọlé

Àríyànjiyàn tó pẹ́ jù láàárín àwọn ọdẹ ibí rèé, ọwọ́ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wá kátíríìjì ìdánwò tí kò ní ètù, ẹ fi sínú mágásíìnì ìbọn onírú Mauser, ẹ ti bolt síwájú dé ìdajì, ẹ dúró. Ẹ tẹjú mọ́ ọn: ìdí kátíríìjì ti gòkè wọ abẹ́ èékánná gígùn ẹ̀gbẹ́ bolt, ó ti dì í mú kó tó dé ibi tó ń lọ. Ẹ fa bolt sẹ́yìn, kátíríìjì á bá a padà, á sì bọ́ síta. Ẹ ṣe é nínú 700. Ẹ ti bolt dé ìdajì, ẹ fà á sẹ́yìn: bolt á padà, kátíríìjì á sùn síbẹ̀. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, tẹ́ ẹ tún tì í, òmíràn á tẹ̀lé èkínní láti ẹ̀yìn, méjèèjì á há.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń dojú kọ ẹfọ̀n àti kìnnìún fi di Mauser mú. Bí ẹran bá ń bọ̀ wá bá ọdẹ, ọwọ́ á gbọ̀n.

Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú 700, imú bolt yí ìdí kátíríìjì po, barrel yí imú bolt po, receiver yí barrel po, òrùka irin mẹ́ta tó ń dáàbò bo ojú ayìnbọn bí kátíríìjì bá bẹ́. Ẹni tó ń yìnbọn lórí tábìlì tún lè ju kátíríìjì kan ṣoṣo sínú àyè, kó sì ti bolt pa wẹ́rẹ́. Mauser tí wọn kò tún ṣe kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí kátíríìjì gba mágásíìnì wá, èékánná rẹ̀ lè kán bí ẹ bá fi agbára gùn ún. Fún àgbọ̀nrín láti orí àba, mi ò rí ìyàtọ̀ tó tó owó tí wọ́n ń bu lé e. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni kí ọwọ́ yín fúnra rẹ̀ ti ṣe é dáadáa kí ọjọ́ ìṣọdẹ tó dé.

Ọwọ́ òsì

Ọmọ mi obìnrin ń lo ọwọ́ òsì. Nílé, wọn ì bá ti kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀tún tipátipá. Nígbà tó ní òun fẹ́ bá mi wọgbó, ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn kò ní action kúkúrú ọlọ́wọ́ òsì lórí àtẹ. Mo dúró oṣù mẹ́rin torí orúkọ. Akókò àgbọ̀nrín wọlé, ó jáde, ọmọ náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àba láìní ìbọn tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ó ṣì ń dùn mí. Ọdún kejì mo lọ ra Tikka ọlọ́wọ́ òsì fún un, mo sì ti rí i bó ṣe ń ṣí bolt láìgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lára igi. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ń lo ọwọ́ òsì, ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Owó

Kúkúrú ni ti èyí. Barrel àti awò ló ń sọ ibi tí ọta ń bà ju action lọ. Bí action olórúkọ kan bá jẹ owó barrel mọ́lẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí action tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí ẹ bá sì ń ronú láti ra àtijọ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe, ẹ gba iye owó àtúnṣe lẹ́nu alágbẹ̀dẹ kẹ́ ẹ tó ra action, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo san owó fún nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: òfin, àti ojú káńtà

Lábẹ́ òfin ìbọn ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968, receiver ni ìbọn. Barrel lè wá nínú ìfìwéránṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yín, receiver kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ lẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù 4473, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wádìí orúkọ yín. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ọmọ ọdún 18 lè ra ìbọn rifle odindi lọ́wọ́ oníṣòwò, àmọ́ receiver lásán kì í ṣe rifle lójú òfin, ọmọ ọdún 21 ló lè rà á. Ẹni tó ní green card lè rà. Ẹni tó wà níbí lórí físà àlejò kò lè rà, àfi bí òfin bá yọ ọ́ sílẹ̀, bíi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ míì tún ní òfin tiwọn lórí èyí, ẹ béèrè ti ibi tẹ́ ẹ wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ronú àtifi ìkankan nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Fífi action tàbí barrel ránṣẹ́ sókè òkun láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá níbí. Ní Nàìjíríà, òfin ka ìbọn ológun oníwọ̀n 7.62mm àti .300 mọ́ ohun tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní, .308 sì jẹ́ 7.62mm. Ẹ̀bùn fún àbúrò lábúlé lè sọ àbúrò sí ẹ̀wọ̀n.

Lójú káńtà, kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní action náà lọ́wọ́. Ẹ fa bolt jáde, ẹ wo ẹ̀yìn etí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀: ó yẹ kí ibi tó ń dán lára méjèèjì dọ́gba. Ẹ fi èékánná yín tọ́ tírẹ́ẹ̀dì iwájú receiver lọ yípo, ẹ wá ibi tó bá ti jẹ. Ẹ wo ojú bolt yíká ihò abẹ́rẹ́. Kòtò kéékèèké níbẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ pé iná ti jò sẹ́yìn rí. Ẹ dá bolt padà, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo, láìtẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan, ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún bí ìgbà tí yanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹ wọn ojú bolt bí ẹ bá ní ìwọ̀n lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà ara receiver jáde ketekete, kí oníṣòwò ka ti orí ìwé. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ dá bírò padà fún un, ẹ má tíì buwọ́ lù ú.